Orin ìkẹyìn Dagrin tí kì í ṣe ti Dagrin: ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Àkúrẹ́

Ó pẹ́ tí mo ti ń sá fún ìtàn yìí, torí pé ọrùn mi ni ẹ̀bi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà. Ohun tí mo gbọ́ ní gáréèjì lọ́dún tó kọjá ló jẹ́ kí n sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú iye owó tí mo rí níbẹ̀.

Ní ọdún 2010, mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Arákálẹ̀, níbi tí èèyàn ti lè fẹsẹ̀ rìn dé Ọjà Ọba láìlàágùn. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé orin sínú mẹ́mọ́rì káàdì fún àwọn èèyàn. Ẹni tí kò tíì gbọ́n nígbà yẹn kò lè mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń pa owó tó. Dátà wọ́n bí ojú, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń rá bí ìgbín, kò sì sí ẹni tó ń gbọ́ orin tààrà látorí íntánẹ́ẹ̀tì. Wàá yọ káàdì tó wà nínú Nokia rẹ tàbí nínú fóònù Ṣáínà onísíìmù méjì, káàdì tí kò ju èékánná lọ, wàá nà án sí mi, màá kì í bọ inú kọ̀ǹpútà, màá wá béèrè pé, "Irú orin wo?" Orin kan, náírà 10. Ẹni tó bá ní kí n kún káàdì 1GB fọ́fọ́, náírà 200, tó bá sì mọ ọ̀rọ̀ sọ, 150. Mo ní kọ̀ǹpútà kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ bíi ti tẹlifíṣàn àtijọ́, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tí ariwo rẹ̀ ju ti orin lọ, àti ọmọṣẹ́ kan.

Ọmọṣẹ́ yẹn lọ̀rọ̀ kàn. Ọmọ Ìsìkàn ni, Àkúrẹ́ pọ́ńbélé, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Ó ti ṣe WAEC, ó ń dúró de JAMB, ìyá rẹ̀ sì ní kó wá máa bá mi jókòó dípò kó máa rìn kiri. Ó ń ṣe ráàpù. Tí kò bá sí oníbàárà, ó máa fi ìka lu tábìlì, ètè rẹ̀ á máa mì, á wá fa ìwé olójú-ewé 40 kan yọ lábẹ́ bẹ́ńṣì, á kọ ìlà méjì, á pa ọ̀kan rẹ́. Àwọn oníbàárà sọ ọ́ ní Grin Kékeré. Ó máa ń rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò fẹ́ràn "kékeré" yẹn.

Àwọn ọmọ tó ń gbọ́ Asake lónìí lè máa bi ara wọn pé ta ni Grin ńlá. Dagrin olórin ráàpù ni. Ọládàpọ̀ Ọlaónípẹ̀kun ni wọ́n sọ ọ́ nílé, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn ni, ìgboro Èkó ló ti di olórin. Ọdún 2006 ló gbé àwo àkọ́kọ́ jáde, Still on the Matter. Èmi tí mo ń ta orin, mi ò tà á, kò sì sẹ́ni tó bi mí léèrè rẹ̀. Àfi 2009 tí C.E.O. dé. Chief Executive Omo Ita ni wọ́n gé kúrú bẹ́ẹ̀: ọ̀gá pátápátá fún àwọn tí ayé kò fi ṣe ọ̀gá nǹkan kan. Sossick ló ṣe ọ̀pọ̀ ìlù inú rẹ̀. "Pon Pon Pon" ló kọ́kọ́ wọ ìgboro, "Kondo" tẹ̀ lé e, tí ilẹ̀ bá sì ti fẹ́ ṣú, àwọn èèyàn á ní kí n bá àwọn fi "Thank God" tí òun àti Omawumi jọ ṣe sí i, bí ẹni tó ń fi àmín parí àdúrà.

Òun kọ́ ló kọ́kọ́ fi Yorùbá ṣe ráàpù. Lord of Ajasa ti wà lẹ́nu ẹ̀ ṣáájú rẹ̀, Gongo Aso tí 9ice gbé jáde ní 2008 sì ti fi han gbogbo èèyàn pé òwe lè jókòó lórí ìlù ìgbàlódé kó má ṣàjèjì. Ṣùgbọ́n ráàpù ni mò ń sọ, kì í ṣe orin kíkọ. Lójú àwọn ọmọ FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́, tó ń wá sọ́dọ̀ mi, ráàpù gidi ni ti Gẹ̀ẹ́sì: Modenine, M.I. Ẹni tó bá fi Yorùbá ṣe tirẹ̀, wọ́n á ní ará oko ni. Dagrin wá dé, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ohùn rẹ̀ há bíi ti ẹni tó jí tí kò tíì bu omi sẹ́nu, ó ń lo Yorùbá tí kọ̀ǹdọ́ fi ń pe èrò, ó ń fi pidgin àti Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ há a láàárín, ó sì ń fi ebi, ọlọ́pàá, obìnrin àti Ọlọ́run sínú orin kan náà. Ní oṣù díẹ̀, àwọn ọmọ FUTA kan náà ti ń ní kí n wá a fún àwọn.

Grin Kékeré ló là mí lójú sí ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀. Èmi rò pé kí ìparí ìlà méjì ṣáà ti jọra ni. Ó ní rárá. "Ọ̀gá, ẹ gbọ́. Owó àti ogbó, wọ́n bára mu. Owó àti òwò ńkọ́?" Mo pè é lẹ́ẹ̀mejì. Lóòótọ́, "o" ló parí méjèèjì, ṣùgbọ́n etí kò gbà á, torí ọ̀kan gòkè, èkejì sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ohun tí Dagrin mọ̀ nìyẹn tí àwọn tó ń fara wé e kò mọ̀: ohùn ọ̀rọ̀ gan-an ló fi ń ṣe ìlù, kò sì fipá mú ọ̀rọ̀ kan kó yí ohùn padà nítorí ìlù. Tó o bá ń kọrin, o lè fa "igbá" títí á fi di "ìgbà", àwọn èèyàn á dárí jì ọ́. Nínú ráàpù, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n máa béèrè ohun tó o sọ. Ọmọ tí kò tíì wọ yunifásítì ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lórí bẹ́ńṣì, tí mo sì ń dá a lóhùn pé kó lọ bu epo sí jẹnẹrétọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin, ọkọ̀ Dagrin lọ kọ lu tírélà kan tó dúró ní Muṣin. Ilé ìwòsàn LUTH ni wọ́n gbé e lọ. Àwa ní Àkúrẹ́, wẹ́wẹ́ ni a ń gbọ́ ọ: ẹnì kan á gba ìpè láti Èkó, ẹnì kan á ní òun rí i lórí Facebook. Ó kú láàárọ̀, ó jí lọ́sàn-án, ó tún kú lálẹ́, gbogbo rẹ̀ lẹ́nu wa. Grin Kékeré kò lè jẹun. Ní Sátidé, ọjọ́ 17, ó gbé náírà 3,000 tó ti ń kó pamọ́, ó lọ sí sítúdíò kan nítòsí ẹnu ọ̀nà FUTA. Yàrá kan ṣoṣo ni, páálí tí wọ́n fi ń to ẹyin ni wọ́n lẹ̀ mọ́ gbogbo ara ògiri kí ariwo má bàa wọlé, wọ́n sì pa fáànù kí máíìkì má bàa gbọ́ ọ. Ó ní àágùn ń kán sórí ìwé òun. Orin tó ṣe, àdúrà ni: ó ń bẹ Dagrin pé kó dìde, kó padà sílé, pé iṣẹ́ kò tíì parí.

Ọjọ́ Ajé ló gbé e wá lórí fíláàṣì. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, mo ní, "Ó dáa." Fáìlì náà kò ní orúkọ, "Track 01" lásán ni. Mo sọ ọ́ sínú fódà Dagrin, torí orin nípa Dagrin ni, mo sì rò pé ibẹ̀ ni àwọn èèyàn á ti rí i. Títí dé ibẹ̀, ọkàn mi mọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 22, Dagrin kú. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

Ọjọ́ Ẹtì, kí n tó ṣílẹ̀kùn, èèyàn mẹ́sàn-án ti ń dúró. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, èrò ti tò dé iwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, Dagrin. Àwọn ìyá tó ti máa ń bú àwọn ọmọ wọn nítorí "orin ọmọ ìta" yẹn gan-an wá, wọ́n ní kí n fi méjì mẹ́ta sí i fún àwọn, káwọn gbọ́ ohun tí ọmọ ọlọ́mọ sọ. Ọmọṣẹ́ mi kò sí níbẹ̀. Òkú kan ti ṣẹ̀ wọ́n lọ́dọ̀ ẹbí ìyá rẹ̀ ní Oǹdó, àárọ̀ ọjọ́ náà ló lọ, kò sì ní dé títí di ọjọ́ Ajé.

Ẹnì kan, ọlọ́kadà ni, ló béèrè pé, "Ṣé èyí tó ṣe kẹ́yìn wà lọ́wọ́ yín?" Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sọ pé rárá. Mo wo fódà náà, mo rí "Track 01", mo tẹ̀ ẹ́ kó gbọ́. Ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń bẹ Dagrin pé kó dìde. Ọlọ́kadà náà gbé ọwọ́ lé orí, ó ní, "Áà! Ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀! Ó ti rí i!" Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ na ọrùn. Mo lè là á lọ́rọ̀ níbẹ̀. Èèyàn mẹ́rin ti na káàdì sí mi. Nígbà tó di nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, gbogbo èèyàn tó ń wọlé ló ń béèrè "orin ìkẹyìn Dagrin", mo sì yí orúkọ fáìlì náà sí bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé kí n má bàa máa wá a kiri ni.

Owó tí mò ń pa lójoojúmọ́ kì í ju náírà 1,500 sí 2,000 lọ. Ọjọ́ Ẹtì yẹn, 9,400. Sátidé, 11,250. Mo ṣì ní ìwé tí mo kọ ọ́ sí. Mo ra ẹran tútù lọ sílé.

Bí mẹ́mọ́rì káàdì ṣe máa ń rìn nìyí: mo fún ẹnì kan, ó lọ fi Bluetooth fún mẹ́ta lábẹ́ igi, àwọn mẹ́ta wọ ọkọ̀ lọ síbi mẹ́ta. Ọjọ́ kẹta, orin náà ti lé ẹni tó ni ín bá ní Oǹdó. Inú bọ́ọ̀sì tó ń gbé e bọ̀ wá sí Àkúrẹ́ ní ọjọ́ Ajé ló ti gbọ́ ohùn ara rẹ̀ látinú fóònù kọ̀ǹdọ́. Ó ní òun kọ́kọ́ rò pé etí òun ló ń tan òun. Ó fò dìde, ó ní, "Èmi ni! Èmi ni mo ṣe é!" Bàbá kan ní kó jókòó, kó jẹ́ káwọn gbọ́ ọ̀rọ̀ olóògbé. Ìyá kan fi ọwọ́ kàn án lórí, ó ń ṣàdúrà fún un pé ìbànújẹ́ kò ní dà á lórí rú.

Kò lọ sílé. Ṣọ́ọ̀bù ló gbà wá tààrà, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ta ló kọ Dagrin sórí orin mi?"

Mo ní fáìlì ló dà pọ̀ mọ́ra. Ó wojú kọ̀ǹpútà. Ó rí i tí wọ́n kọ "orin ìkẹyìn" síbẹ̀, ó sì mọ̀ pé fáìlì kì í kọ Yorùbá fúnra rẹ̀. Ó wá béèrè pé, "Èló ni tèmi níbẹ̀?" Mo fèsì ohun tí mi ò lè gbàgbé. Mo ní, "Tó bá jẹ́ orúkọ tìẹ ló wà lórí rẹ̀, ta ni ì bá gbọ́ ọ?"

Òótọ́ ni, òótọ́ náà ló sì mú kó burú tó bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, èrò pé jọ. Ó ní òun lòun ṣe orin náà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ṣe é lójú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò tàsé ìlà kan. Wọ́n ní ta ni kò mọ̀ pé ó máa ń há orin Dagrin sórí, ṣebí òun ni Grin Kékeré. Ó wo ojú mi pé kí n sọ̀rọ̀. Àwọn oníbàárà mi ló kún ibẹ̀. Mo ń tún wáyà ṣe.

Ìyá Alákàrà tó ń din àkàrà ní òdìkejì ọ̀nà ló pa ìjà náà. Muṣin ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ ló dàgbà sí kí ọkọ tó gbé e wá sí Àkúrẹ́. Ó rọra kọjá títì, ṣíbí àkàrà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, epo ń kán. Ó ní kí n fi orin náà sí i. Ó gbọ́ díẹ̀. "Dá a padà." Mo dá a padà. "Dúró níbẹ̀. Kí ló pè?"

A gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta. Ibi tí ọmọ náà ti ń ní kí Dagrin padà wá sílé ni. Kò pe "ilé". "Ulé" ló pè.

Ìyá Alákàrà bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ Muṣin wo ló ń pe ilé ní ulé? Ìyá ọkọ mi ló ń pè é bẹ́ẹ̀ sí mi létí láràárọ̀! Ọmọ Àkúrẹ́ nìyí, ẹ máa tan ara yín."

Ẹnu wọ́n wọhò. Ẹni tó bá ti gbé àárín wa mọ̀ ọ́n: ní Àkúrẹ́, ní Oǹdó, ní Èkìtì, dé Ìjẹ̀ṣà, ibi tí Yorùbá inú ìwé ti ń pe ilé, iṣẹ́, iṣu, àwọn àgbàlagbà wa á ní ulé, uṣẹ́, uṣu. Kò sí bó ṣe máa wọ ẹnu Dagrin. Ọmọ náà alára kò mọ̀ pé òun pè é bẹ́ẹ̀. Ó yọ ìwé olójú-ewé 40 rẹ̀ nínú báàgì, ó ṣí i fún wa, "ilé" ló kọ síbẹ̀ gbàgàdà, gègé tiẹ̀ ti yọ́ díẹ̀ níbi tí àágùn sítúdíò kán sí. Ọwọ́ ti kọ ti ìwé, ẹnu sọ ti ìyá rẹ̀. Ojú tì í nígbà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo rí i. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló dáa jù nínú orin náà, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni wọ́n ń retí kó sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi lálẹ́. A sọ ọ́, a sọ ọ́. Mo dá owó sítúdíò ọmọ náà 3,000 padà, mo fi 2,000 lé e. Ọmọ náà gbà á, ó dúpẹ́, ó ní owó kọ́ lòun ń wá. Orúkọ ni. Mo yí orúkọ fáìlì náà níwájú rẹ̀, mo kọ orúkọ àbísọ rẹ̀ sí i, kì í ṣe Grin Kékeré. Oníbàárà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì gbọ́ ọ, ó mi orí, ó wo ohun tí mo kọ. "Rárá o, ti Dagrin ni mo fẹ́." Orin kan náà ni o. Ọmọ náà jókòó lórí bẹ́ńṣì, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 30, wọ́n sin Dagrin sí ibi ìsìnkú Àtàn ní Yaba. A kò ta orin rẹ̀ kankan lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ náà ló ní ká má tà á.

Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀ láti ìgbà náà. Mo ń bínú pé ọmọṣẹ́ mi ń béèrè ìpín nínú orin kan, nígbà tó jẹ́ pé C.E.O. tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi látòkèdélẹ̀, inú síídì oníbàárà kan ni mo ti ṣe àdàkọ rẹ̀. Dagrin kò béèrè tirẹ̀. Òfin tó ní kí á má ṣe bẹ́ẹ̀ ti wà ṣáájú ká tó bí ṣọ́ọ̀bù mi, ọdún 2010 kan náà ni ìjọba sì fún ẹgbẹ́ COSON láṣẹ láti máa gba owó fún àwọn olórin, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dé Arákálẹ̀ wá bi mí léèrè nǹkan kan. Àwọn èèyàn bíi tèmi ló gbé Dagrin dé Ìsìkàn, ibi tí àwo rẹ̀ ojúlówó kò dé. Àwa kan náà la kò fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́ sí i. Tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan nínú méjèèjì kí n fi gbèjà ara mi, mi ò mọ èyí tí màá mú.

Lọ́dún yẹn náà, C.E.O. gba àmì-ẹ̀yẹ àwo ráàpù tó dára jù ní Hip Hop World Awards, ẹni tó ni ín ti wà nínú sàréè. Olamide yọ pẹ̀lú "Eni Duro", ó gbé Rapsodi jáde ní 2011, Reminisce náà bọ́ sójú ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó tún ní ará oko ni ráàpù Yorùbá. Grin Kékeré wọ poli, ó dáwọ́ orin dúró. Iṣẹ́ sólà ló ń ṣe ní Oǹdó báyìí, ó ti bí ọmọ méjì. Ṣọ́ọ̀bù mi kú ikú tirẹ̀ nígbà tí kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í wa orin fúnra rẹ̀.

Mo ti pa orúkọ Dagrin tí mo kọ sórí fáìlì náà rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi láti ọjọ́ tí mo yí i padà níwájú ọmọ náà. Wọ́n ní ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi pa, ó bí ọmọ. Lọ́dún tó kọjá, mo wà ní gáréèjì tí a ti ń wọkọ̀ lọ Oǹdó, ọkọ̀ kò tíì kún, dírẹ́bà kan tí kò lè ju ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lọ tan ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré tó gbé síwájú rẹ̀. Mo mọ ìlù náà kí ohùn tó wọlé. Mo béèrè ta ló kọ ọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò mọ Dagrin? Èyí tó ṣe kó tó kú nìyí." Mo ní ṣé ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú bí ikú. "Ulé" kọjá létí wa méjèèjì, ọmọ Àkúrẹ́ lòun náà, kò ta á létí.

Mo gbé fóònù mi sún mọ́ ọn, mo gba díẹ̀ sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Grin Kékeré lórí WhatsApp. A ti wọ títì ká tó gbọ́ èsì. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín, ó rín in pẹ́, mo ń gbọ́ ìró irinṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, lórí òrùlé ẹnì kan. Ó wá ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi gba náírà mẹ́wàá mi lọ́wọ́ ẹ̀."